Gàfárù Wẹ́dà àti Fíríìjì Nọ́ọ̀sì Ọláwùnmí

Bí ènìyàn bá gbé iṣẹ́ lọ bá Gàfárù Àkànó, wẹ́dà Ìlobù, kì í tètè dá onítọ̀hún lóhùn. Yóò fa àpótí kan sún mọ́ nǹkan ọ̀hún, yóò jókòó tì í, yóò sì máa wò ó. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n máa ń rò pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ni, àwọn mìíràn a sì bínú kọjá sọ́dọ̀ wẹ́dà mìíràn. Àwọn tó bá ní sùúrù ló máa ń rí i pé nígbà tí yóò bá fi dìde, ó ti parí iṣẹ́ náà lọ́kàn, ó kù kí ọwọ́ ṣe é.

Kùmásì ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba Gáná ní kí àwọn àjèjì máa lọ sílé, tí bàbá rẹ̀ kó ìyàwó àti ọmọ márùn-ún wọ ọkọ̀ ẹlẹ́rù padà sí Ìlobù. Òwò aṣọ ni wọ́n gbájú mọ́ nígbà tí wọ́n délé, gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì ń ná ọjà. Gàfárù nìkan ni ọjà títà kò bá lára mu, torí kò lè pe oníbàárà. Bàbá rẹ̀ mú un lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní Òṣogbo. Ọdún mẹ́rin ló lò níbẹ̀ kó tó padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Géètì, irin ojú fèrèsé, bẹ́ǹṣì ilé ìwé, iṣẹ́ tó ń ṣe láti ọdún dé ọdún nìyẹn, títí Nọ́ọ̀sì Ọláwùnmí fi wa bọ́ọ̀sì rẹ̀ wá síwájú ṣọ́ọ̀bù náà ní oṣù kẹta ọdún 1994.

Nọ́ọ̀sì yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Òun ló gbẹ̀bí ọmọ Gàfárù kejì. Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì ọkùnrin tó pẹ́ ní Jámánì ló mú bọ́ọ̀sì náà bọ̀ láti ọ̀hún kó tó kú. Kì í ṣe bọ́ọ̀sì akérò. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná kékeré wà níbẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù sì wà lára rẹ̀. Àwọn òyìnbó a máa gbé inú irú rẹ̀ bí wọ́n bá ń rìnrìn àjò. Fíríìjì kan bá a wá, tí kò ga ju orúnkún lọ, tó ń lo bátìrì mọ́tò, tó sì tún ń lo gáàsì. Nọ́ọ̀sì rò ó pé ọkọ̀ tí ènìyàn lè sùn nínú rẹ̀, tó tún ní fíríìjì, kò yẹ kó wà ní àgbàlá kí adìyẹ máa yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó oògùn abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọ̀ àwọn elétò ìlera, ó ń wà á lọ sí àwọn abà tí kò sí iná, ó ń sùn lọ́hùn-ún ní ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, ó ń fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́.

Ibi tí fíríìjì náà wà ni wàhálà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni, òkè ni ìdérí rẹ̀ sì ti ń ṣí.

"Wò ó, Gàfárù," ni Nọ́ọ̀sì wí, "kí n tó lè ṣí i, mo ní láti wọ́ ọ jáde. Ó wúwo bí àpò gàrí, ẹ̀yìn mi kò sì gbà á mọ́. Bí mi ò bá wọ́ ọ jáde, ìdérí yóò kọ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, màá wá máa fọwọ́ táràrà wá oògùn nínú òkùnkùn, gbogbo òtútù rẹ̀ yóò sì ti sá lọ."

"Ṣé ẹ fẹ́ kó máa yọ jáde bíi dúróà ni, Màmá?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Mo bèèrè ní Òṣogbo. Wọ́n ní òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe é. Owó ìfẹ̀yìntì mi ti oṣù mẹ́jọ kò ká iye tí wọ́n dá lé e."

Gàfárù fa àpótí rẹ̀, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ó ń wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó dìde, ó ní kí Nọ́ọ̀sì padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta irin àlòkù ní Òṣogbo, ó ra kábínẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì kan tó ti dípẹtà, ó tú irin tí dúróà rẹ̀ ń rìn lórí rẹ̀ kúrò, ó fọ̀ ọ́, ó fi gìríìsì pa á, ó wá jó o mọ́ férémù tó ṣe. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì dé, ìka kan ṣoṣo ló fi fa fíríìjì náà. Ó yọ wọ́ọ́rọ́. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó gbàdúrà fún un, ó sì wakọ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló padà. Kò pariwo. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù, ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé.

"Ó já, Gàfárù. Abà Olóde ni mo wà. Mo ti lò ó lẹ́ẹ̀mẹta, kò ṣe nǹkan kan. Níwájú gbogbo àwọn ìyá ọmọ ni mo ti fà á lẹ́ẹ̀kẹrin, irin méjèèjì tẹ̀, fíríìjì sì dojú dé sórí iyẹ̀pẹ̀. Gbogbo ìgò oògùn ló fọ́. Ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ní kí wọ́n máa gbé lọ sílé. Obìnrin kan ti rìn láti ìdájí."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Mi ò bínú. Ṣe òmíràn, ìyẹn ni mo bá wá."

Ọ̀rọ̀ náà dun Gàfárù ju bí wọ́n bá bú u lọ. Kò lè jẹun tán lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó gbé irin tó tẹ̀ náà síwájú, ó ń wò ó, kò sì rí ohun tó lè ṣe sí i ju kó ra èyí tó nípọn lọ, bẹ́ẹ̀ èyí tó nípọn kò sí ní Òṣogbo. Ibẹ̀ ló ti rántí káfíńtà kan tí wọ́n ń pè ní Bámigbóyè, tó máa ń kan kọ́bọ́ọ̀dù ńláńlá tí dúróà rẹ̀ kì í há, bó ti wù kí ẹrù inú rẹ̀ pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n Ìfọ́n ni ọkùnrin náà wà.

Ìfọ́n kò jìnnà. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti Ìlobù kò ní tíì làágùn kó tó débẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wà láàárín ìlú méjèèjì. Oko kòkó Jàlálù, àbúrò bàbá Gàfárù, wà lára ilẹ̀ tí wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ó sì ti pé ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé wọn kò ti bá ará Ìfọ́n dòwò pọ̀.

Azeezat, ìyàwó Gàfárù, bá a níbi tó ti ń wọ bàtà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. "Ṣé ẹ ò ní dá wàhálà sílẹ̀ báyìí?"

"Dúróà ni mo fẹ́ lọ bèèrè," ni Gàfárù dáhùn. "Mi ò lọ bèèrè ilẹ̀."

Bámigbóyè ń fá pákó nígbà tí Gàfárù dé. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó gbẹ, eruku igi sì ti bo irun apá rẹ̀. Gàfárù dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ kú làálàá."

"O ṣeun. Dìde. Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Àkànó ni mí, sà. Láti Ìlobù."

Bàbá gbé irin ìfági kalẹ̀. Àwọn méjì tó jókòó sí abẹ́ igi lóde yíjú sí wọn.

"Ṣé ọ̀rọ̀ oko lo bá wá, àbí ọ̀rọ̀ iṣẹ́?"

"Iṣẹ́ ni, sà."

"Jókòó nígbà náà."

Gàfárù ròyìn gbogbo rẹ̀, ti bọ́ọ̀sì, ti ẹ̀yìn Nọ́ọ̀sì, ti ìgò tó fọ́. Bàbá nawọ́ sí àpótí irinṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní kó fa dúróà ìsàlẹ̀. Òòlù, ìṣó, ayùn àti irin oríṣiríṣi ló kún inú rẹ̀ dé ẹnu. Gàfárù fà á, ó sì tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ jáde láìdún. Kò sí irin kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gàfárù na gbalaja sórí ilẹ̀, ó ki orí sábẹ́ dúróà náà láti wò ó dáadáa, bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbẹ́ ni ìwọ gbé ẹrù lé," ni bàbá wí. "Ìsàlẹ̀ ni kó o gbé e lé. Igi àpá ni mo tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ ló jọ ń gbé e. Àbẹ́là lásán ni mo fi ń pa á. Má sì jẹ́ kó yọ jáde tán. Ìdá kan nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ kù sínú, kó má baà dojú dé."

"Bọ́ọ̀sì máa ń gbọ̀n jìgìjìgì, sà. Bí ó bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó lè yọ fúnra rẹ̀."

"Ìyẹn di tìẹ. Ìwọ lo mọ irin."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ṣe é. Bàbá kan àpótí àti igi tó ń rìn lórí rẹ̀. Gàfárù fi irin ṣe férémù, ó fi bóòtì dè é mọ́ ilẹ̀ bọ́ọ̀sì, ó fi ìkọ́ sí i tí yóò máa há a mọ́ inú bí ọkọ̀ bá ń rìn, ó sì ṣe ẹsẹ̀ kan síwájú tó ń ṣí bọ́ sílẹ̀ láti dúró bí wọ́n bá ti fà á. Wọ́n jiyàn díẹ̀. Gàfárù fẹ́ fi bíárìn, irin roboto tó ń yí, sí i, bàbá ní igi tó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, bàbá fúnra rẹ̀ wá sí Ìlobù. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi dípò oògùn sínú fíríìjì, bàbá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, Nọ́ọ̀sì sì wakọ̀ gba ọ̀nà tó burú jù lọ, dúróà kò yọ. Jàlálù wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nígbà tí wọ́n padà.

"Gàfárù, ta nìyẹn?"

"Káfíńtà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni, sà."

Jàlálù mọ ẹni tó jẹ́. Ó wo àgbàlagbà náà bó ti ń fọwọ́ ti ilẹ̀kùn sọ̀ kalẹ̀, tí eruku ọ̀nà bò ó, tí orúnkún rẹ̀ kò sì fẹ́ nà.

"Ẹ kú ìrìn, sà," ni Jàlálù wí.

"A dúpẹ́ o," ni bàbá dáhùn. Jàlálù sì wọlé lọ.

Nọ́ọ̀sì padà sí Abà Olóde lóṣù karùn-ún, gbogbo ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n náà ló sì gba abẹ́rẹ́. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé, igi wú, dúróà bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ojú ti bàbá díẹ̀. Ó fá igi náà fẹ́ẹ́rẹ́, Gàfárù sì fi bíárìn àlòkù mẹ́rin sí ẹnu rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì jiyàn lọ́tẹ̀ yìí.

Láti ìgbà náà ni àwọn mìíràn ti ń wá. Azeezat ni ó ń sọ iye fún wọn, torí Gàfárù kò lè ná ọjà. Obìnrin tó ń ta ẹja tútù ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ní kí wọ́n ṣe ọ̀kan fún kúlà ẹ̀yìn ọkọ̀ òun. Ọkùnrin kan tó ń gbé ohun mímu tútù kiri ọjà gba méjì. Pákó àti irin àdúgbò ni, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ sì lè rà á.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà kò tán. Àwọn oṣù kan wà tí ìlú méjèèjì kì í rí ara wọn sójú, tí bàbá kò lè wá, tí Gàfárù náà kò lè lọ. Bí ara bá tún ti rọ ìlú, ọ̀kan nínú wọn yóò mú ọ̀nà pọ̀n.

Ní ọdún 1998, ojú bàbá kò ríran dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e dé Ìlobù mọ́. Gàfárù kó irinṣẹ́ díẹ̀ lọ sí Ìfọ́n. Lọ́jọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, ibẹ̀ ni ẹni tó bá ń wá a yóò ti rí i. Òun ló ń fá igi báyìí. Bàbá a jókòó tì í lórí àga, a gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀, a fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, a sì sọ ibi tí kò tíì jọ̀lọ̀.