Daddy Gbémiga, Ọmọ Woolwich Tí Wọ́n Bí Sí Ìkìrun

Ìtàn tí gbogbo ìjọ fi mọ Daddy Gbémiga jù lọ ni ti ọjọ́ tó gbé ọmọ ọlọ́mọ gun fẹ́rì Woolwich, ọkọ̀ tó ń gbé èrò sọdá odò Thames, tí kò sì dá a padà bọ̀rọ̀. Moráyọ̀ ni ọmọ náà. Kò lè rántí ohunkóhun níbẹ̀, nítorí ọmọ ọwọ́ ni nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti rò ó fún un tó bẹ́ẹ̀ tí òun náà fi ń rò ó fún ẹlòmíràn bí ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i.

Ọjọ́ ìyàsímímọ́ rẹ̀ ni. Inú wíáháòsì kan, ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́, ní Thamesmead West ni ìjọ wọn wà. Wọ́n ti to àga, akọrin ti múra, àlejò sì ti dé láti Leeds àti Manchester. Daddy Gbémiga, ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ, wo aago, ó ní àsìkò ṣì wà.

"Ẹ ò lè wá dúpẹ́ ọmọ ní ìlú tí ẹ ò mọ ìtàn rẹ̀," ló wí fún àwọn àlejò. "Ẹ jẹ́ ká yára dé ọ̀dọ̀ fẹ́rì. Ká lọ ká bọ̀ ni."

Wọ́n tẹ̀lé e. Ìyá àgbà náà tẹ̀lé e, Moráyọ̀ sì wà lẹ́yìn ìyá àgbà.

"Ọ̀fẹ́ ni o!" ló kọ́kọ́ kéde bí wọ́n ṣe wọ inú fẹ́rì. "Láti ayé àwọn baba ńlá àwọn òyìnbó wọ̀nyí ni wọ́n ti ń gbé ènìyàn sọdá odò yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ farabalẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ohun tó bà á jẹ́ ni pé odò Thames kò fẹ̀ tó ìtàn náà. Fẹ́rì ti gúnlẹ̀ ní òdìkejì, ìpìlẹ̀ ni Daddy Gbémiga ṣì ń fi lélẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kí gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, kò dákẹ́. Ó kó àwọn àlejò yí padà, wọ́n tún wọ fẹ́rì. Nígbà tí wọ́n padà dé Woolwich, ìtàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ni. Ta ni yóò dìde kúrò níbẹ̀? Wọ́n tún sọdá.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Pastor Japheth ti kọ gbogbo orin tó mọ̀ tán, ó ti ń kọ èyí tí kò mọ̀. Solomon, bàbá ọmọ, fi agbádá gbá ilẹ̀ dé etí odò, ó bẹ́ sórí fẹ́rì tó ń lọ. Àárín odò gan-an ni fẹ́rì tirẹ̀ ti pàdé èkejì tó ń bọ̀, ó sì rí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ níbi tó dúró sí, tó na ọwọ́ méjèèjì bí oníwàásù.

"Bọ̀dá! Ọmọ mi dà?"

"Ó wà níbí!"

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Ó ń gbọ́ ìtàn!" ni Daddy Gbémiga dáhùn lórí omi. "Má pariwo mọ́, o máa jí i!"

Irú ènìyàn tó jẹ́ nìyẹn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni títí tó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí igun kan láti Woolwich dé Thamesmead tí kò ní ohun tó fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Mummy Dúrótìmí, máa ń sọ pé òun kò lè rán an lọ ra iyọ̀, nítorí pé ọbẹ̀ á jiná, àwọn á jẹ ẹ́ tán, àwọn á fọ ìkòkò, ọkọ òun yóò ṣì dúró níwájú ilé kan tí yóò máa ṣàlàyé ìtàn ilé náà fún ẹni tó ni ín.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Arsenal ló sì máa ń dùn ún jù. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn ní Woolwich ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ láyé àtijọ́, kí wọ́n tó kó o lọ sí àríwá odò kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó dé. Gbogbo ayé ti gbàgbé. Daddy Gbémiga kò gbàgbé. Ṣe ló dà bíi pé òun gan-an ni wọ́n sá fi sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Bí ọ̀dọ́ kan bá wọ ẹ̀wù Arsenal wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀, yóò lejú mọ́ ọn.

"Ẹ ti padà dé?"

"Padà láti ibo, boss?"

"Àríwá odò. Nígbà tí ẹ ń lọ, ẹ ò dágbére fún ẹnikẹ́ni."

Síbẹ̀, bí Arsenal bá borí, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn: "Àwọn ọmọ wa nìyẹn!"

Nígbà tí Moráyọ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní South Thamesmead, olùkọ́ wọn ní kí wọ́n pe àgbàlagbà kan wá, kó wá sọ bí ìgbà èwe ṣe rí ní agbègbè náà láyé ọjọ́un. Moráyọ̀ kò pe ẹnikẹ́ni. Daddy Gbémiga ló gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, ló bá dé ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú táì lọ́rùn.

"Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Woolwich yìí," ló fi bẹ̀rẹ̀, "tíráàmù ló ń gbé wa, ọkọ̀ tó ń rìn lórí irin láàárín títì. A máa ń fi owó ẹyọ pẹ́nì sórí irin, a óò sá pamọ́. Bí tíráàmù bá ti gorí rẹ̀, pẹ́nì á tẹ́ pẹlẹbẹ bí ewé."

Àwọn ọmọ ya ẹnu. Olùkọ́ ń fi orí jó. Àfi Ikram, tó máa ń jókòó ti Moráyọ̀, ló na ọwọ́.

"Sir, Moráyọ̀ sọ pé Nigeria ni wọ́n ti bí yín."

"Òótọ́ ló sọ," ni Daddy Gbémiga wí, ojú rẹ̀ kò yí padà. "Ṣé mo ní wọ́n bí mi síbí ni? Mo ní a wà lọ́mọdé níbí ni."

Moráyọ̀ fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Nígbà tó délé, ó fi ẹkún rò ó fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Bọ̀dá mi? Tíráàmù? Nígbà tí tíráàmù kẹ́yìn kúrò ní Woolwich, Ìkìrun ni Bọ̀dá wà tó ń rákòrò!"

Ní Saturday tó tẹ̀lé e, Daddy Gbémiga mú un dání lọ sí ọjà Beresford Square. Moráyọ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ lọ́nà. Níbi ìsọ̀ èso Faiz ni wọ́n ti bá Raymond, arúgbó òyìnbó tí wọ́n bí sí Plumstead, tó máa ń jókòó nítòsí awakọ̀ nínú bọ́ọ̀sì Daddy Gbémiga láti ọjọ́ pípẹ́, tí àwọn méjèèjì sì ti di ọ̀rẹ́ nídìí ìtàn. Raymond kò rí wọn. Ó mú máńgòrò kan lọ́wọ́, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì Plumstead bá Faiz sọ̀rọ̀.

"Máńgòrò kọ́ nìyí. Ní Ìkìrun, ìyá àgbà máa ń so ewúrẹ́ mọ́ ìdí igi kí àwa ọmọdé má baà gùn ún. Ewúrẹ́ yẹn burú ju ajá lọ."

"Ibo ló ń jẹ́ Ìkìrun?" ni Faiz bi í.

"Tí o bá ti kọjá Òṣogbo," ni Raymond dáhùn, "o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

Moráyọ̀ yíjú wo ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ó ń mi orí bí olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń kàwé já gaara.

"Uncle! Irọ́ lẹ jọ ń pa!"

"Irọ́ kọ́, ọmọ mi. Pàṣípààrọ̀ ni." Ó fà á jókòó sórí àga onípákó kan. "Àwọn ọmọ Raymond wà ní Australia. Kò sí ẹni tó ń gbọ́ ti tíráàmù lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mo ń bá a lò ó ni, kó má baà dípẹtà."

"Ẹ̀yin náà ní tiyín. Kí lẹ fẹ́ fi tiẹ̀ ṣe?"

Daddy Gbémiga wo àwọn ènìyàn tó ń kọjá, púpọ̀ nínú wọn tó ti wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀ rí.

"Ó pẹ́ tí mo ti ń gbé àwọn ènìyàn yìí káàkiri ìlú yìí," ló wí. "Wọ́n ń kí mi, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tó lè wò mí kó ní, 'Ṣé o rántí ìgbà tí a wà ní kékeré?' Ìlú tí ènìyàn kò bá ti ṣe ọmọdé rí, àlejò ló máa jẹ́ níbẹ̀ títí." Lẹ́yìn náà ló ra máńgòrò kan lọ́wọ́ Faiz, ó nà án sí i. "Gbà. Kò dára tó ti Ìkìrun, Raymond ti sọ ọ́."

Ọdún gorí ọdún. Moráyọ̀ di nọ́ọ̀sì, ojú Daddy Gbémiga kò sì ríran dáadáa mọ́, òun tó ti fi ọkọ̀ gbé gbogbo ènìyàn rí wá di ẹni tí Moráyọ̀ ń fi ọkọ̀ gbé kiri. Ibi tó máa ń ní kó gbé òun lọ jù ni ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Plumstead. Ibẹ̀ ni Raymond wà. Ìgbàgbé ti wọ inú rẹ̀. Kò dá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ lórí fóònù mọ́.

Jasmine, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, dá Moráyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan. "Ẹ jọ̀ọ́, apá ibo ní Kent ni Ìkìrun wà? Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n bí òun sí, ó fẹ́ kí n mú òun lọ sílé."

Ẹ̀rín pa Moráyọ̀, ṣùgbọ́n Daddy Gbémiga kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó fa àga sún mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Raymond wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò.

"Ewúrẹ́ yẹn kàn mí nítan," ni Raymond wí.

"Rárá o, Raymond. Èmi ló kàn nítan. Tèmi nìyẹn. O ti bá mi tọ́jú rẹ̀ dáadáa, mo dúpẹ́." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Jẹ́ kí n dá tìrẹ padà fún ọ. Ìwọ lo ni tíráàmù. O fi pẹ́nì sórí irin, o sá sẹ́yìn ògiri. Ó tẹ́ pẹlẹbẹ bí ewé. Ìyá rẹ gbá ọ létí, nítorí búrẹ́dì ló ní kí o fi rà."

Raymond gbé ojú sókè. Ojú rẹ̀ ń wá nǹkan kiri òrùlé. Moráyọ̀ rò pé kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín yọ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín ọmọkùnrin kékeré.

"Ó gbóná," ló wí. "Nígbà tí mo mú un, pẹ́nì náà gbóná."

Nínú mọ́tò, wọ́n ti ń sún mọ́ Abbey Wood. "Kò sọ ọ́ fún mi rí pé ó gbóná," ni Daddy Gbémiga wí, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ń padà bọ̀ láti ọ̀dọ̀ Raymond, Daddy Gbémiga ló máa ń ní kí Moráyọ̀ sọ̀rọ̀. "Ìwọ náà ṣe ọmọdé níbí. Sọ tìrẹ fún mi."

"Uncle, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ now. Thamesmead lásán ni. Kọnkéré àti omi."

"Sọ ti kọnkéré. Sọ ti omi."

Moráyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu bó ṣe pọ̀ tó.

Daddy Gbémiga kú ní ìgbà ìrúwé tó kọjá, ní orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, Mummy Dúrótìmí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, wíáháòsì náà kún dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ro ti fẹ́rì, ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Wọ́n ro ti Arsenal, àwọn ọ̀dọ́ méjì tó wọ ẹ̀wù rẹ̀ sábẹ́ kóòtù fi ojú pamọ́. Nígbà tó kàn àwọn ọmọ Sunday school, Phoebe ni wọ́n gbé sórí àga kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn lè dé ẹnu rẹ̀.

"Daddy Gbémiga told us," ló bẹ̀rẹ̀, ló bá rántí pé wọ́n ní kó sọ Yorùbá. "Daddy sọ fún wa pé, nígbà tí òun kéré ní Thamesmead, òun fún pẹ́pẹ́yẹ funfun, ọlọ́rùn gígùn, ní búrẹ́dì. Búrẹ́dì wá tán. Ó lé Daddy yí adágún omi ká! Bàtà pupa Daddy kan já sómi. Daddy wá sunkún délé. Mummy Daddy ní, padà lọ, lọ bẹ pẹ́pẹ́yẹ."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà mọ̀ pé nígbà tí Daddy Gbémiga kéré, kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ Thamesmead. Ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ìyá Moráyọ̀ yíjú sí ọmọ rẹ̀, ẹ̀rín àti omijé jọ wà lójú rẹ̀.

"Moráyọ̀! Ṣé kì í ṣe bàtà rẹ nìyẹn? Èmi ni mo rà á!"

Moráyọ̀ gbá ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

"Mummy, ẹ fi sílẹ̀," ló wí. "Bàtà Uncle ni."