Ẹ̀bẹ̀ Tí Wọ́n Bẹ Ṣubúọlá

Wọn kò na Ṣubúọlá, wọn kò sì dè é lókùn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Òdò-Ọ̀wá ni, Ìlọfà ni ilé ọkọ rẹ̀. Àgbẹ̀ ni Adégbìtẹ́ ọkọ rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í jágbe mọ́ aya. Lọ́dún 1959, igi tí wọ́n ń gé lóko wó lù ú. Kí wọ́n tó gbé e délé, ẹ̀mí ti bọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ṣubúọlá bí fún un, Tolúlọpẹ́, ọmọbìnrin.

Nígbà tó ṣọ̀fọ̀ tán, àwọn àgbà ilé ránṣẹ́ pè é. Baba Májẹ́kódùnmí, olórí ẹbí, ló bá a sọ̀rọ̀. Ó ní Olóyèdé, àbúrò Adégbìtẹ́, ni yóò ṣú u lópó, kí ìyàwó àti ọmọ má baà bọ́ mọ́ ilé lọ́wọ́. Olóyèdé fúnra rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó doríkodò. Télọ̀ ni ní Ìlọrin, ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé e wálé. Ṣubúọlá kì í dárúkọ rẹ̀, nítorí ilé ló bá a nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó wá. Baba Kékeré ló ń pè é.

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò, bàbá," ni Ṣubúọlá wí.

"Rò ó dáadáa. A kì í fi túláàsì mú èèyàn nínú ilé yìí. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ̀ ọ́."

Ó rò ó, ó sì ní òun kò fẹ́. Wọ́n tún bẹ̀ ẹ́. Àwọn ìyàwó ilé bẹ̀ ẹ́ lọ́nà odò. Àwọn ìyá ìjọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní kì í ṣe dandan o, àmọ́ kó ro ti ọmọ. Ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ ní Òdò-Ọ̀wá. Bàbá rẹ̀ ní òun kò ní fi kànńpá lé e padà, ó kàn jẹ́ pé kò sí yàrá tó ṣófo nílé òun. Báyìí ni gbogbo wọn ń sọ ọ́, ohùn wọn tútù bí omi àmù, ilẹ̀ tó lè dúró lé sì ń kéré sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń dáná lọ́wọ́ nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀, Yèyé Àríkẹ́, wọlé tọ̀ ọ́ wá. Orúnkún ìyá náà ti wú, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó di ògiri mú, ó sì rọra kúnlẹ̀ sínú eérú.

"Yèyé, ẹ dìde," ni Ṣubúọlá wí. Òun náà ti wà nílẹ̀, ó ti dojú bolẹ̀.

"N ò ní dìde. Ẹni tí mo bí ló kú."

"Ẹ dìde, Yèyé. Mo ti gbà."

Bó ṣe di aya Olóyèdé nìyẹn. Wọ́n ní kí Olóyèdé má padà sí Ìlọrin mọ́, ó sì kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sílé. Bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ, kì í bá Ṣubúọlá sọ̀rọ̀. Bó bá sùn, ògiri ló ń kọjú sí. Ṣubúọlá gbà pé ó fojú tín-ín-rín òun ni, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra rẹ̀, títí kan ìró ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tí oyún tó ní bàjẹ́, ó rí i pé ara tu òun. Ẹ̀rù ara rẹ̀ wá bà á. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1962, ó gba kóòtù ìbílẹ̀ lọ láti kọ Olóyèdé sílẹ̀.

"Ṣé ó ń nà ọ́ ni?" ni adájọ́ bi í.

"Rárá, bàbá."

"Ṣé wọ́n fà ọ́ wọlé ni?"

"Rárá. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi wọlé."

"Ta ló wá fipá mú ọ?"

Ṣubúọlá ní, "Ìyá wọn kúnlẹ̀ fún mi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Olóyèdé. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ obìnrin yìí?"

"Bàbá, ẹnikẹ́ni ò bi mí rí," ni Olóyèdé wí. "Mo ní àfẹ́sọ́nà ní Ìlọrin, Salamot lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́, Baba Májẹ́kódùnmí ní àwọn ò dá mi dúró, pé kí n máa lọ. Àmọ́ bí àwọn bá kú, kí n má wá síbi òkú àwọn. Salamot ti wà nílé ọkọ báyìí."

Ṣubúọlá wo ojú rẹ̀. Kò wò ó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń gbé.

Kóòtù tú wọn ká. Nígbà tí wọ́n jáde, Ṣubúọlá bi í pé, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Baba Kékeré?"

"Wọ́n ní ìwọ lo gbà. Mo rò pé o fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni."

Tolúlọpẹ́ kò bá a lọ. Ẹbí ní ọmọ ilé kì í tẹ̀lé ìyá rẹ̀ jáde. Ṣubúọlá gba yàrá kan ní Òdò-Ọ̀wá, ó ń ta èlùbọ́. Nígbà ìsinmi, Olóyèdé fi kẹ̀kẹ́ gbé ọmọ náà wá kí i, ó wọ aṣọ tuntun tí Olóyèdé rán fún un. Ọmọ náà ti ga. Ó jẹun tán, ó sì ń wo ojú ọ̀nà.

"Ṣé wàá sùn lọ́dọ̀ mi?" ni Ṣubúọlá bi í.

"Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ Yèyé."

Ọ̀rọ̀ kún Ṣubúọlá lẹ́nu. Ó mọ ẹ̀bẹ̀ tí òun lè bẹ̀ ẹ́ tí ọmọ náà kò fi ní lè kúrò níbẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó di ẹ̀pà fún un, ó gbé e jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó sì ní kó di Baba Kékeré mú dáadáa.