Igbá Ẹ̀yìnkùlé

Ìdí ẹbu la wà, à ń fẹsẹ̀ tẹ ẹyìn tó ti jinná kí epo lè jáde, nígbà tí ọmọbìnrin kan kọ́kọ́ wá bá wa. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Abúlé wa kò jìnnà sí Àkótógbó, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ọsibítù, nítorí Òkìtìpupa là ń gbé aboyún lọ bí ìrọbí bá le. Ojú ọ̀nà yẹn ni àkọ́bí mi ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, lórí kẹ̀kẹ́ ọkọ mi, kí a tó dé ibi tí a ti lè rí mọ́tò. Oyún mìíràn ti wà nínú mi lásìkò tí mò ń sọ yìí, n kò sì fẹ́ gba ọ̀nà yẹn mọ́.

Ọmọbìnrin náà ní ìjọba fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí kan ṣoṣo fún gbogbo agbègbè wa. Wọn ò fẹ́ kàn fojú díwọ̀n ibi tí yóò wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rán òun wá, kó máa béèrè iye ọmọ tí obìnrin kọ̀ọ̀kan bí àti iye tó kù láyé.

Ìyá ọkọ mi, Aládúrà tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, dá ẹsẹ̀ dúró nínú ẹyìn.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé adìẹ làwọn ọmọ mi tó o fi wá kà wọ́n?"

"Rárá o, Ìyá. Ẹ má bínú."

"Ṣé ìyá tó bí ẹ ò sọ fún ẹ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹni tó bi lọ́jọ́ náà ló dá a lóhùn bákan náà: "Wọ́n wà ńbẹ̀." "Ọlọ́run ló mọ̀ wọ́n." Àwọn kan ní owó orí ló fẹ́ fi kún. Bó bá lọ báyìí, ohun tí yóò lọ sọ ni pé kò sọ́mọ lábúlé wa, ibòmíràn ni wọn yóò sì kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni mí, n kò lè la ẹnu lé ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi.

Mo rò pé yóò bínú lọ. Kò lọ. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó bọ́ sínú ẹbu, ó ń bá wa tẹ ẹyìn. Kò mọ̀ ọ́n tẹ̀ rárá, ṣe lẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ bí ẹni tẹ ilá. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Kò tún béèrè nǹkan kan, ó kàn ń gbọ́ ohun tá à ń sọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí a ń ṣa ekùrọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, ìyá ọkọ mi tún sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i:

"Bí kíkà bá ń yún ẹ lọ́wọ́, ekùrọ́ rèé. Ìyẹn là ń kà."

Ọmọbìnrin náà wò ó títí. Ó wá kúnlẹ̀ tòun ti epo lẹ́sẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ lè bá mi fi ekùrọ́ kọ̀ọ̀kan sínú igbá, fún ọmọ yín kọ̀ọ̀kan? Mi ò ní wojú yín. Ekùrọ́ nìkan ni mo máa kà."

"Ta ló kọ́ ẹ ní ọgbọ́n yẹn?"

"Ẹ̀yin náà ni, nísinsìnyí."

Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Àwọn tó ti lọ ńkọ́? A kì í da tiwọn pọ̀ mọ́ tàwọn tó wà."

Ọmọbìnrin náà tọrọ igbá kejì. Ó ní kí a gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa dá lọ síbẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn Aládúrà wá, àwọn ìyàwó onímọ̀le wá. Ariwo àti àwàdà ló wà nídìí igbá iwájú. Nídìí ti ẹ̀yìnkùlé, kò sẹ́ni tó fọhùn. Ó kàn mí, mo fi ọ̀kan sí i. Láti ọjọ́ tí a ti bọ̀ láti ọ̀nà yẹn, kò sẹ́ni tó gbà kí n sọ̀rọ̀ ọmọ náà, wọ́n ní kí n gbé ojú kúrò. Ìyá ọkọ mi ló tẹ̀lé mi. Mo gbọ́ tí ekùrọ́ ń ró nínú igbá, ó ń ró, ó tún ń ró. Mo yára kúrò níbẹ̀ kí n má baà máa kà á.

Mo ti rí ọ̀mọ̀wé púpọ̀ láyé mi. Èyí tí ìbéèrè rẹ̀ dùn wá, tó sì yí ìbéèrè náà padà dípò kó máa tì wá, òun ni mi ò lè gbàgbé. Nígbà tó rí igbá ẹ̀yìnkùlé, ó lóṣòó tì í fún ìgbà díẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Èyí gan-an ni wọn ò mọ̀ ní ọ́fíìsì wa."

Abúlé wa ni wọ́n mú. Kí ilé náà tó parí, wọ́n ti rán agbẹ̀bí kan wá sí yàrá kan lágbàlá baálẹ̀. Ibẹ̀ ni mo bí ọmọkùnrin mi sí, ó ké kíkan. Agbẹ̀bí mú bírò, ó ní, "Ọmọ kelòó rèé?"

Kí n tó la ẹnu, ìyá ọkọ mi tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó sì fi ekùrọ́ lé e lọ́wọ́.

Méjì ni.