Wáyà Tín-ín-rín Tí Ó Gé

Ẹni tí ó bá wọ ìsọ̀ ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Wáyà, àwọn fíríìjì tí ó tú palẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kọ. Fíríìjì títúnṣe niṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n dunjú. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ọwọ́ rẹ̀ kì í gbélé: ohun tí kò bàjẹ́ pàápàá, yóò tú u wò.

Ọjọ́ kan náà ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ra alùpùpù oníbátìrì, irú kan náà, èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà olókùúta. Ẹ̀gbọ́n ń fi tirẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó ti lé lógún ọdún tí ó ti wà ní ilé-iṣẹ́ omi, òun ló sì ń gun òkè lójoojúmọ́ lọ yẹ páìpù wò. Wáyà ń fi tirẹ̀ ṣeré ní ti ara rẹ̀. Ó pààrọ̀ táyà, ó yọ ìjókòó ẹ̀yìn dànù, ó ra àpótí bátìrì tí ó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí kò rí nǹkan yọ mọ́, ó gé wáyà tín-ín-rín kan. Wáyà yìí ló ń jẹ́ kí máṣíìnì náà dẹ ìrìn fúnra rẹ̀ tí ẹni tó gùn ún bá ti tú ọwọ́ iná sílẹ̀, ìyẹn ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n ń lọ́ kí ó lè sáré. Láti ọjọ́ tí ó ti gé e, o tú u o, o ò tú u o, máṣíìnì ń yí lọ ni.

Kò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti kìlọ̀ fún un pé, “Má fọwọ́ kan inú ẹ̀ o,” òun náà sì ti dáhùn pé, “Bọ̀dá, mi ò jẹ́ dán an wò.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n yà sí ìsọ̀. “Yá mi ní máṣíìnì ẹ. Iná ò dé mọ́jú, bátìrì tèmi ti kú.”

Ọ̀rọ̀ dé ètè Wáyà. Ṣùgbọ́n oníbàárà méjì ń wò wọ́n, bí ó bá sì sọ̀rọ̀, irọ́ rẹ̀ á tú níṣojú wọn.

“Ẹ rọra o, Bọ̀dá,” ni ó sọ.

“Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní máṣíìnì gígùn?” Àwọn oníbàárà méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ó tú ọwọ́ iná sílẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Máṣíìnì kò dẹ ìrìn, eré ló tún ń sá sí i. Ẹ̀rù bà á, ó fún búréèkì iwájú pọ̀ gírí, máṣíìnì sì gbé e sọ lórí òkúta. Apá rẹ̀ òsì kán.

Wọ́n gbé máṣíìnì padà sí ìsọ̀. Kí Wáyà tó fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò lára máṣíìnì, ó ti so wáyà náà padà. Ojú ara rẹ̀ tì í bí ó ti ń so ó, síbẹ̀ ó so ó.

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Wáyà kò fẹ́ kú, kò sì fẹ́ ẹ̀sín, ló bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìgbà kẹrin tí ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bá a ní pálọ̀ tí ó ń la ọwọ́ ọ̀tún, tí ó ń pa á dé, tí ó tẹjú mọ́ ọn bíi pé ọwọ́ àlejò ni. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n gbé omi fún Wáyà.

“Àbúrò mi, máà bínú máṣíìnì ẹ tí mo bà jẹ́,” ni ẹ̀gbọ́n wí.

Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ pá Wáyà lórí.

“Ogbó ti dé,” ẹ̀gbọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Mo rò pé mo tú ọwọ́ iná sílẹ̀ ni, àṣé mi ò tú u. Ọwọ́ mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Lẹ́tà tí mo kọ sí ilé-iṣẹ́ nìyẹn lórí tábìlì, mo ní kí wọ́n yọ mí kúrò lórí òkè. Ó di ọ̀la ká fi ránṣẹ́.”

Wáyà gbé ife sílẹ̀. Ìtìjú bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

“Bọ̀dá, ẹ tú u sílẹ̀.”

“Kí ni?”

“Ọwọ́ iná. Ẹ tú u sílẹ̀. Èmi ni mo gé wáyà tó ń dẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ nígbà tí ẹ wá yá a, mi ò sọ. Mo tún ti so ó padà kẹ́nì kankan má baà mọ̀.”

Ó dorí kodò, ó ń retí ìgbátí. Kò rí nǹkan kan. Nígbà tí ó gbójú sókè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ìyá wọn, wá gbọ́! Ọwọ́ mi kọ́ o! Mo tú u sílẹ̀!” Ó fi ọwọ́ kan tó kù mú lẹ́tà lórí tábìlì, ó fi eyín dì í mú, ó fà á ya. “O ṣeun, àbúrò mi. O ṣeun tí o sọ fún mi.”

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òun kò rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ mi,” ni ó wí fún Wáyà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ó máa ń fún un. “Ẹ̀ ń wá síbí, mò ń bu omi fún yín, ẹ̀ ń mu ún, ẹ sì ń wo ẹ̀gbọ́n yín bó ṣe ń la ọwọ́, tó ń pa á dé.”