Orin Tí Màámi Dá

Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà l'Ákùúrẹ́ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ dùùrù. Tí ìwé orin bá ti wà níwájú mi, kò sẹ́ni tó lè yọ mí lẹ́nu. Ẹ gba ìwé yẹn lọ́wọ́ mi báyìí, ọwọ́ mi á gan.

Mo wá lọ fẹ́ ọmọ Ìdànrè, ọmọ Aládùúrà! Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn l'Ódòde Ìdànrè, ta ló ń wòwé? Ibi tí èèyàn bá dúró sí ló ti máa dá orin, kí onídùùrù yáa wá ohùn rẹ̀ rí. Gbogbo ìgbà tí a bá wá kí Màámi, ìyá ọkọ mi, ni wọ́n ń bẹ̀ mí kí n jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù wọn. Èmi kọ́! Àga ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń sá lọ.

Lọ́dún tó kọjá, lásìkò tí wọ́n ń sá kòkó, àìsàn dá Màámi dùbúlẹ̀. A ti ń sunkún ní kọ̀rọ̀. Ọlọ́run ṣe é, ara wọn yá, wọ́n ní àwọn fẹ́ dúpẹ́. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó mi, ìwọ lo máa tẹ̀ ẹ́ fún mi. Mi ò fẹ́ ẹlòmíì."

"Orin wo lẹ máa dá, Màámi?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Tó bá dọ́jọ́ yẹn, ẹnu mi á sọ fún mi."

Mo wọ gàù! Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo bẹ ọkọ mi kó sọ pé inú ń run mí. Ó ní kí n lọ sọ ọ́ fúnra mi. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?

Màámi bọ́ síwájú nínú aṣọ funfun tó ti tóbi jù wọ́n lọ, wọ́n dá orin kan lédè Ìdànrè tí mi ò gbọ́ rí. Mo wá ohùn wọn, mo ṣì í. Mo tún wá a, mo tún ṣì í. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Omi bọ́ lójú mi. Mo bá dijú, mo ń gbọ́ wọn. Tí wọ́n bá mí, èmi náà á mí. Tí wọ́n bá fa ohùn, èmi náà á fà á. Kí n tó mọ̀, gbogbo ìjọ ti ń jó.

Nígbà tí a délé, mo kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ má bínú, mi ò mọ orin yẹn rárá. Ẹ̀yin ni mò ń tẹ̀ lé."

Màámi fà mí dìde.

"Háà! Èmi tí mo rí èrò tí mo gbàgbé gbogbo ẹ̀? Ìwọ ni mò ń tẹ̀ lé."