Ààrò Ẹja Rebecca

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí Rebecca ti ń yan ẹja létí ọ̀sà ní Bàrígà. Opó ni. Ẹja ọkọ̀ Bọ́dúndé, àbúrò ọkọ ẹ̀, ló fi ń jẹun. Èéfín igi ti ba ojú ẹ̀ jẹ́, dókítà sì sọ ọ́ lójú èmi aládùúgbò ẹ̀ tí mo sìn ín lọ pé tí kò bá jìnnà sí èéfín, ojú òsì máa fọ́.

Nígbà tí àjọ kan wá pín ààrò onírin tó ń gbé èéfín mì, ńṣe ló jó. Àmọ́ ogójì ẹja péré ni ààrò ọ̀hún ń gbà. Bẹ́ẹ̀, lọ́dọ̀ àwa Ìlàjẹ etí omi yìí, obìnrin tó bá ń gba ẹja ọkọ̀ kan, gbogbo ohun tí àwọ̀n bá kó ló máa gbà, ọjọ́ náà ló sì máa yan án tán. Tí kò bá lè ṣe é, ọkọ̀ á wá ẹlòmíì lọ.

Ló bá gbé ààrò lọ bá wẹ́dà ní Fádèyí. Ìyẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe inú ẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi irin àgbá fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹja pọ́n dáadáa, ọkọ̀ Bọ́dúndé ò lọ ibì kankan, oṣù méjì gbáko ni omi ò dà lójú Rebecca.

Àfi bí àwọn àjọ ṣe dé láti wá yàwòrán. Morọ́láyọ̀, ọmọbìnrin tó ṣáájú wọn, wo ààrò títí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló bà á jẹ́?"

"Mi ò bà á jẹ́, ọmọ mi. Mo mú un tóbi ni. Ẹja wa ò gbà sínú ẹ̀."

"Àwọn tó fowó ránṣẹ́ ní a ò gbọ́dọ̀ yí i padà, mà."

"Ṣé àwọn náà ń yan ẹja ni?"

Wọ́n gbé ààrò sínú mọ́tò, wọ́n ní ó ti bàjẹ́, àwọn ò sì lè kà á mọ́ iṣẹ́ táwọn ṣe. Inú bí mi, mo fẹnu ṣáátá wọn débi tí mo lè ṣáátá wọn dé. Rebecca ò bínú. Ó di ilẹ̀kùn mọ́tò mú, ó ní, "Ojú mi ńkọ́?"

Morọ́láyọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ̀ Bọ́dúndé gúnlẹ̀, ẹja kún un. Rebecca dáná igi. Ojú ọ̀tún nìkan ló fi ń ríran báyìí, ó sì wà nídìí iná láàárọ̀ yìí náà.