Ọkùnrin Tó Ń Dọ̀bálẹ̀ Pẹ̀lú Orí Fífọ́

Àsìkò SAP ni, nígbà tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Ọkọ mi ló ń ṣọ́ gólì fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Ọ̀yọ́. Wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó fò láti mú bọ́ọ̀lù, ó sì forí sọ òpó. Wọ́n ní ó dákú díẹ̀. Wọ́n da omi lé e lórí, ó dìde, ó gbá a parí, gbogbo èrò pàtẹ́wọ́ fún un. Ó délé, ó ní kí n sọ èsì bọ́ọ̀lù náà fún òun. Èmi tí n kò lọ!

Kò sí egbò lórí rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló kó wa sí wàhálà. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló kán, gbogbo ayé ì bá rí i. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, orí ń fọ́ ọ, oòrùn ń gún un lójú, òòyì ń kọ́ ọ. Bí ọmọ bá ké, á fọwọ́ di etí, ọkùnrin tó máa ń gbé ọmọ náà jó tẹ́lẹ̀.

A padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí ọsibítù. Dókítà ní egungun kankan kò sán, pé ọpọlọ ló mì nínú agbárí. Ìsinmi ni oògùn rẹ̀. Kó jìnnà sí ariwo. Bí ara bá fúyẹ́, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀. Bí orí bá tún fọ́, kó dúró.

“Ẹ má jẹ́ kó tún forí gbá nǹkan kí èyí tó san,” ló wí. Ó tún un sọ kí a tó jáde.

Ìsinmi kẹ̀? Nínú agbo ilé wa? Àárọ̀, ẹbí; ọ̀sán, ará mọ́sálásí; ìrọ̀lẹ́, àwọn agbábọ́ọ̀lù. Gbogbo wọn wá kí i. Ọkọ mi, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, á dìde dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo àgbà tó bá wọlé.

“Ara rẹ̀ ti yá! Ẹ ò rí bó ṣe nà gbalaja?”

Bí wọ́n bá lọ tán, èmi ni mo ń gbé póò tó bì sí.

Kóòṣì wọn wá. “Ìyàwó, tú ọkọ wa sílẹ̀. A ní bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Orí ṣì ń fọ́ ọ, sà.”

“Ta ni orí kì í fọ́?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun á wá.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti ilẹ̀kùn pálọ̀ mọ́ ọn. Ọkọ mi bínú, ṣùgbọ́n orí kò jẹ́ kó lè jà pẹ́. Mo gbé àpótí síta, mo gbé ọmọ lé itan. Ẹni tó bá dé, màá kúnlẹ̀, màá ní ó ti lọ sinmi lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wo ẹnu ọ̀nà. “Bàtà rẹ̀ nìyẹn.”

“Òmíràn ló wọ̀ lọ, sà.”

Bàbá náà mi orí. “Ó dáa. Ìwọ lo wá ń ṣọ́ gólì báyìí.”

Láti ọjọ́ náà, àwọn àlejò kò padà wá mọ́.

Ilé pa lọ́lọ́. Ọjọ́ bọ́ọ̀lù kọjá, ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣọ́ gólì. Orí náà rọ̀ díẹ̀. Ó ti lè gbé ọmọ bí kò bá ké. Ó jókòó, ó kọ̀yìn sí fèrèsé tí mo fi aṣọ dí.

“Ìyá ọmọ mi, ṣé ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ béèrè mi?”

“Wọ́n ń béèrè.”

“Àwọn wo?”

Mo dárúkọ àwọn tó ti wá rí, bí ẹni pé àná ni wọ́n wá. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún bi mí bóyá ẹnikẹ́ni béèrè òun.